Ọjọ́ tí Ẹ̀kọ Borí Iyán

Wọ́n ti dá ẹjọ́ oúnjẹ ní ilẹ̀ Yorùbá kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí ibì kan bá wà tí wọ́n ti gba ìdájọ́ yìí láìpe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, Àkókó ni. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, láti Ẹ̀pìnmì títí dé Ìṣùà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ohùn odó ni etí ń retí. (Ọ̀kà tí mo dárúkọ yìí, ìlú orí òkè ni o, kì í ṣe ọkà inú ìkòkò.) Ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ síwájú àlejò níbẹ̀, àlàyé ló máa fi ṣe ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ìdájọ́ yìí ti yí padà fún. Òun ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí ẹ̀rọ dàyálísíìsì ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Nínú àwo tirẹ̀, ẹ̀kọ ló jókòó sípò ọba. Ìrẹsì funfun tẹ̀ lé e, ẹ̀bà jókòó tì wọ́n, iyán wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọrọ àyè díẹ̀. Ọkà pàápàá, tí wọ́n pè ní oògùn, gbọ́dọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀. Èmi ò mọ ọmọ Àkókó tí wọ́n máa sọ èyí fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ fún aláìsàn kíndìnrín ju ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan tí wọ́n há fúnni lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù lọ. Ohun tí a ti mọ̀ láti kékeré la máa kọ́kọ́ tú palẹ̀ kí tuntun tó ráyè wọlé.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ń jẹ́ pọ̀tásíọ̀mù. Ó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀. Ara nílò rẹ̀, iṣan ń lò ó, òun wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù. Kíndìnrín tó yá a máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì: nǹkan bíi lítà 180 ló ń sẹ́ lójúmọ́, ó ń dá èyí tí ara fẹ́ padà, ó ń da èyí tí ara ò fẹ́ sínú ìtọ̀. Bí kíndìnrín bá ti kú, pọ̀tásíọ̀mù ò rójú ọ̀nà jáde mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, àárín 3.5 sí 5.0 ni wọ́n máa ń bá a lórí òṣùwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò. Bó bá ti kọjá 6, ọkàn ti wà nínú ewu. Ẹsẹ̀ lè kọ́kọ́ rọ wọ̀ọ̀. Ó sì lè má sí àmì kankan, kí ọkàn kàn dákẹ́ lójijì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: àwọn tó pa òwe yẹn ò rí ẹ̀rọ dàyálísíìsì rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwo sórí ìwọ̀n. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 670 pọ̀tásíọ̀mù nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè, bíi 465. Ìrẹsì funfun sísè, bíi 35. Ta ní sì ń jẹ gíráàmù 100 iṣu ní Àkókó, àfi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín? Àgbà tó jẹ 300, tí a ò tíì lè pè ní alájẹjù, ti gba bíi 2,000 wọlé lójú ìjókòó kan. Bẹ́ẹ̀, láàárín 2,000 sí 3,000 ni wọ́n sábà máa ń fi ààlà sí fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, fún odidi ọjọ́ kan, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, tòun ti ọbẹ̀, tòun ti ọsàn tó fi panu. Ìwọ̀n ìrẹsì kan náà kò ju bíi 100 lọ. Ọkà ńkọ́? Iṣu tí a bọ̀, tí a sá gbẹ, tí a lọ̀ ni. Omi inú rẹ̀ ni oòrùn gbé lọ. Pọ̀tásíọ̀mù kì í bá oòrùn lọ, àfi èyí tó bá omi tí a fi bọ iṣu náà dànù.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, kíndìnrín tó yá ò sì fi ẹyọ kan sinmi nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a gbé dípò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ó di wákàtí 12. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ti gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ni kò lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹlòmíràn á fò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí àwọn ọmọ yóò fi rí owó kó jọ. Wákàtí mẹ́rin nínú 168. Ìyókù, ẹnu ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ tún wá fi ọ̀nà kún un. Ìṣùà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Àkókó, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá ló lọ sí Ìbílò ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹni tó bá gbéra níbẹ̀ lọ fọ ẹ̀jẹ̀ yóò gba Ẹ̀pìnmì, yóò gun òkè Ọ̀kà, yóò sọ̀ kalẹ̀ gba Ọ̀bà dé Ọ̀wọ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní FMC wà. Bí kò bá dúró níbẹ̀, yóò kọjá Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, níbi tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tó ṣe gómìnà láti 2009 sí 2017, kọ́ ilé ìtọ́jú kíndìnrín sí. Ẹ rántí pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, tí ara ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ọ̀nà yẹn kan náà ló máa gbà padà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Èkó àti Benin wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀wọ̀ ò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ náà. Fún ará Ìṣùà, Benin ló sún mọ́ jù, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà Benin yóò bá mi ṣírò ohun tí owó ọkọ̀ máa jẹ lára ẹ̀dínwó yẹn.

Gbogbo èyí kan oúnjẹ. Púpọ̀ nínú ìwé ìtọ́ni oúnjẹ tó ń kálẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti kọ ọ́, fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó ń sọ nípa èso tí kò hù ní Àkókó àti wàrà oríṣiríṣi inú agolo. Ohun tó kọjú sẹ́nìkan, ẹ̀yìn ló kọ sẹ́lòmíràn. Ẹni tí ẹ̀rọ ń retí ní ọ̀túnla lè ṣi ẹsẹ̀ gbé díẹ̀. Ẹni tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó tún fojú kan ẹ̀rọ, àṣìṣe rẹ̀ á bá a gbé fún ọjọ́ méje. Bí iye ìgbà tí èèyàn ń fọ ẹ̀jẹ̀ bá ṣe kéré sí ni ìṣọ́ra rẹ̀ yẹ kó le sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùkọ́ni bi aláìsàn rèé, kó tó dárúkọ oúnjẹ kankan: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lè san nínú oṣù?

Kì í sì í ṣe òfìfo orí lèèyàn ń gbé dé orí ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ló sábà máa ń sin ín débẹ̀, ó sì ti lè lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ ìmọ̀ràn mìíràn. Àwọn olítọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí láàánú jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ṣúgà wọn ga, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú láàárọ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lálẹ́, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ. Wọ́n ti sọ ìrẹsì funfun di ọ̀tá. Wọ́n gbọ́ràn, ẹlòmíràn gbọ́ràn títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń hù lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kíndìnrín já wọn kulẹ̀, ẹlòmíràn tó wọ aṣọ funfun wá dúró ti ibùsùn, ó ní kí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sílẹ̀, kí wọ́n dín ẹ̀wà kù, kí wọ́n máa jẹ ìrẹsì funfun. Ta ni kò ní rò pé àwọn dókítà wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Bẹ́ẹ̀, òótọ́ làwọn méjèèjì sọ. Ti àkọ́kọ́ ń ṣọ́ ṣúgà, ti èkejì ń ṣọ́ ọkàn. Aláìsàn ló kù tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ méjèèjì pọ̀: ìrẹsì tí kò pọ̀, ẹ̀kọ tí kò pọ̀, kó pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, nítorí ínsúlíìnì a máa pẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, ṣúgà lè já wálẹ̀ lóru láìròtẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran náà rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé aláìsàn dé orí ẹ̀rọ, wọ́n á ti sọ fún un pé kó dín ẹran kù. Ìmọ̀ràn gidi ni, nítorí ìdọ̀tí tó ń ti ara ẹran, ẹja àti ẹyin jáde ni kíndìnrín ń kó dànù, kíndìnrín tó ń rọ lọ kò sì fẹ́ ẹrù. Ní Ítálì ni ìmọ̀ràn yìí ti gba òkìkí, nígbà tí Carmelo Giordano kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1963, tí Sergio Giovannetti àti Quirino Maggiore sì kọ tiwọn ní 1964. Ṣáájú ìgbà náà, dókítà Willem Kolff ti ṣe ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ tirẹ̀ ní Kampen, ní ilẹ̀ Netherlands, ní 1943, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ló sì fi ṣe asẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò kárí. Ẹni tí kò rí ẹ̀rọ, oúnjẹ ni ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tó wù mí lára àwọn ará Ítálì yẹn ni pé wọn ò lọ wá oúnjẹ aláìsàn sílẹ̀ òkèèrè. Pásítà àti búrẹ́dì tí aráàlú wọn ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n mú, wọ́n yọ purotéènì kúrò nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n gbé e padà sórí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí sọ́wọ́ kan, mo máa padà wá gbà á.

Bí èèyàn bá ti gun orí ẹ̀rọ báyìí, ìmọ̀ràn ẹran yí padà bìrí. Ẹ̀rọ ò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí oúnjẹ. Bó ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbọ́n díẹ̀ dànù nínú ohun tí ara fi ń mọ iṣan. Nítorí náà, ìlànà àwọn dókítà kíndìnrín báyìí ni pé kí ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 60, tirẹ̀ di 60 sí 72. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ẹran fíntínní ojú ọbẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀. Ẹja tútù, adìẹ, ẹran tàbí ẹyin gbọ́dọ̀ wà nínú oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹyin ló sì máa ń rọrùn jù fún àpò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ nílé. Ìyàwó ń bu ọbẹ̀ láìfẹran sí i, àwọn ọmọ ń ṣọ́ bàbá kó má jẹ ẹja. Bàbá ń gbẹ lọ, apá ń tínrín, ṣòkòtò ń já. Wọ́n á ní àìsàn ló ń jẹ ẹ́. Ebi ni. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà ni, tó rí ẹran gidi nínú àwo, ta ló máa dá a dúró kó má já a fún ọmọ-ọmọ tó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀?

Omi ló wá le jù. "Máa mu omi dáadáa, omi dára fún kíndìnrín": ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Àmọ́ bí kíndìnrín bá ti kú, omi tí a mu kò rójú jáde. Ẹsẹ̀ ló ń lọ, ojú ló ń lọ, nígbẹ̀yìn ó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, èèyàn ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ohun tí wọ́n sábà fi ń kọ́ni ni pé kí aláìsàn wọn ìtọ̀ tó tọ̀ lánàá, kó fi ìdajì lítà lé e, iye tó máa mu lónìí nìyẹn. Ìdajì lítà. Lédè àdúgbò wa, píọ́ wọ́tà ẹyọ kan. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́ rárá, ọ̀rá kan ló ní láti ìdájí dé ìdájí, tòun ti omi tó fi gbé oògùn mì, tòun ti tíì, tòun ti yìnyín, tòun ti omi ọbẹ̀. Nínú ọyẹ́, nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ láàárín àwọn òkè Àkókó tí ètè ń ya, ọ̀rá kan.

Ibí yìí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dá ẹ̀kọ náà lẹ́jọ́, kó má baà gbéra ga. Ẹ̀kọ mímu, omi ni. Ẹni tó bu abọ́ ògì gbígbóná kan mu láàárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo omi ọjọ́ náà tán. Ẹ̀kọ jíjẹ, èyí tó dì, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ni mò ń pọ́n lé. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ tó bá gbọ́ "jẹ ẹ̀kọ", tó lọ ń po ògì, ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹ̀bi olùkọ́ni sì ni.

Lítà omi kan, kílò kan ni lórí ìwọ̀n. Kò sí irọ́ tí aláìsàn lè pa fún nọ́ọ̀sì tí ìwọ̀n ò ní tú. Bó bá gbé kílò márùn-ún wá, ẹ̀rọ máa fipá fa lítà márùn-ún láàárín wákàtí mẹ́rin. Iṣan ẹsẹ̀ á máa fà á, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ojú á ṣókùnkùn. Àwọn tó ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ máa ń da omi ọjọ́ wọn sínú ìgò kan láàárọ̀, wọ́n á máa fi ife kékeré bù ú. Wọ́n á fi omi yọ ẹnu, wọ́n á tu ú. Wọ́n á lá yìnyín ẹyọ kan dípò kí wọ́n mu ife omi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á yẹra fún iyọ̀, nítorí ẹni tó jẹ iyọ̀ tán tí ẹ ní kó má mu omi, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́.

Mo ti sọ ohun tó le. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìdáná báyìí, nítorí ibẹ̀ ni inú mi ti dùn. Àṣírí pọ̀tásíọ̀mù kò ju ẹyọ kan lọ: ó máa ń yọ́ sínú omi. Ẹni tó bá fi omi sè é, tó da omi náà nù, ti da lára rẹ̀ nù. Wàyí, ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ẹ̀kọ. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á da omi náà nù. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi púpọ̀ sẹ́ ẹ, èèpo rẹ̀ á kúrò. Wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á dá omidùn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni omi ti kọjá lára àgbàdo yẹn? Gàrí náà ńkọ́? Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á gbé e sábẹ́ jáàkì títí omi rẹ̀ á fi kán tán sílẹ̀. Púpurù àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: rírẹ, fífún, yíyan. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a da omi rẹ̀ nù ká tó lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín sàn ju ẹ̀wà tí a sè tí omi rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ pọ̀tásíọ̀mù, wọ́n kàn mọ omi tó yẹ kí èèyàn dà nù.

Ẹ̀fọ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn olùkọ́ ìlera ti ń bá àwọn ìyá jà pé kí wọ́n yé bọ ẹ̀fọ́, kí wọ́n yé fún omi rẹ̀ dànù, pé oore inú rẹ̀ ló ń lọ. Òótọ́ ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, ìyá àgbà tó ń gé tẹ̀tẹ̀, tó ń bọ̀ ọ́, tó ń fún un títí ọwọ́ rẹ̀ á fi gbẹ, ló jàre. Tòmátì àti tàtàṣé náà, kí wọ́n sè é kí omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó dín in, kó má sì pọ̀.

Iṣu wá ńkọ́? Ní 2006, Jerrilynn Burrowes àti Nicholas Ramer, onímọ̀ méjì ní New York, yẹ irú iṣu àti kókò tí àwa èèyàn ilẹ̀ olóoru ń jẹ wò. Wọ́n rí i pé ohun tí a sè lẹ́ẹ̀mejì, tí a da omi àkọ́kọ́ nù, ń pàdánù pọ̀tásíọ̀mù ju èyí tí a sè lẹ́ẹ̀kan lọ. Ní 2008, Paul Bethke àti Shelley Jansky ní Wisconsin fi ànàmọ́ òyìnbó dán an wò: èyí tí wọ́n gé kéékèèké kí wọ́n tó sè é pàdánù bí ìdajì, àmọ́ rírẹ nìkan láìsè kò ṣe nǹkan gidi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fún aláìsàn ní iyán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gé iṣu náà wẹ́wẹ́, kó sè é nínú omi púpọ̀, kó da omi náà nù, kó bu omi tuntun sí i, kó tún un sè. Omi iṣu tí àwọn ìyá wa máa ń fi pamọ́, tí wọ́n fi ń ta iyán kó lè rọ̀, òun gan-an lọ̀tá. Omi gbígbóná lásán ni kí ẹni tó ń gún un lò. Síbẹ̀, kò ní kúrò tán. Díẹ̀ náà ni wọ́n máa gé fún un.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn, kí aláìsàn jìnnà sí wọn. Ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré kan ṣe é jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mágí, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; káún pẹ̀lú, irú iyọ̀ kan ni, ibi yòówù kó ti wá. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńlá pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kí ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ má ṣe fọwọ́ kàn án: pọ̀tásíọ̀mù ni wọ́n fi dípò iyọ̀ nínú púpọ̀ nínú wọn. Ohun mímu dúdú ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀pà, wàrà, edé àti eegun ẹja gbígbẹ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tó ń jẹ eegun lábẹ́lẹ̀, tó sì ń mú ara yún èèyàn lóru. Oògùn tó ń dè é mọ́lẹ̀ wà, àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Àgbo ńkọ́? Omi ni, ewé ni, nígbà mìíràn májèlé ni fún kíndìnrín. Ẹni tó ń ka píọ́ wọ́tà tí kò ka ife àgbo ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sọ ti oníkálukú. Ẹni tó ṣì ń tọ̀ dáadáa láǹfààní ju ẹni tí kò tọ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò ẹnu nọ́ọ̀sì tó mọ ìwé aláìsàn.

Mo ní mo máa padà gba ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́wọ́. Àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò tiwọn. Ìkòkò tiwa dà? Ìwé tó wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Nọ́ọ̀sì tó bá lójú àánú yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ìṣùà ní èdè tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Uhami, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí Yorùbá. Ìyá àgbà tó gbọ́ Yorùbá ọjà, tó fi ń ná edé ní Ìkàrẹ́, lè máà gbọ́ Yorùbá tí wọ́n fi ń ṣàlàyé pọ̀tásíọ̀mù. Ó di pé ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu mẹ́ta kó tó dé ìdí ààrò. Ní ẹnu ẹ̀kẹta, "máa jẹ ẹ̀kọ jíjẹ" lè ti di "ògì ni kí ẹ máa mu".

Ẹni tó wà nídìí ààrò náà kì í sì í ṣe aláìsàn. Bàbá tó wà lórí ẹ̀rọ ní Àkókó lè má mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé ara rẹ̀. Ìyàwó ló mọ̀ ọ́n, tàbí ìyàwó ọmọ, tàbí ọmọbìnrin tó fi iléèwé sílẹ̀ wá tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹni yẹn gan-an sì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níta nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ bàbá lẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá ẹ̀rọ. Èmi ìbá ní kí wọ́n pè é wọlé. Wákàtí mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń yí, kò sẹ́ni tó ní ibi tó ń lọ. Kí wọ́n gbé ìkòkò kan, àwo kan, ọ̀rá omi kan kalẹ̀. Kí wọ́n ní kó bu oúnjẹ bó ṣe ń bù ú nílé, kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ yọ ohun tó pọ̀jù. Kí òun náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà, ní èdè Ìṣùà bó bá wù ú, kí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ àlejò náà le. Bí wọ́n bá gbé iyán kalẹ̀ níbi ìnáwó, kíkọ̀ ọ́ dà bí ìgbà tí a kọ ẹni tó gún un. Wọ́n á ní ṣé èèyàn ń fura sí wọn ni. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé, nítorí náà wọ́n á jẹ ẹ́ láti fi bo àṣírí. Ọmọ tó bá gbọ́n ló máa tètè dé ilé ìdáná onínàáwó, tí yóò bá ìyá kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí àwo bàbá rẹ̀ yóò fi ti ẹ̀yìn wá pẹ̀lú ìrẹsì funfun àti adìẹ ńlá, tí gbogbo èèyàn yóò máa rò pé wọ́n pọ́n ọn lé ju àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ ìjẹṣu ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè ní kí ọmọ Àkókó wo iṣu tuntun lójú lásán. Kí aláìsàn kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè ọjọ́ tó dára jù, kí èsì àyẹ̀wò sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó má jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, kó fàyè sílẹ̀ fún un. Kí wọ́n gé ègé iṣu méjì sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá, kí wọ́n sè é nínú ìkòkò ńlá, kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, kí wọ́n da omi funfun náà sílẹ̀ níbi tí àwọn adìẹ ti ń jẹ̀. Kí wọ́n bu omi mìíràn sí i, kí wọ́n tún un gbé kaná. Odó kékeré tó fún un. Iyán tó máa jáde níbẹ̀ ò ní ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ó máa rọ̀ díẹ̀ ju bí àwọn àgbà ṣe fẹ́ ẹ. Kí wọ́n fi ẹja tútù tó tóbi ju iyán náà lọ tì í, kí wọ́n sì pe bàbá jókòó.